Ẹ Bi Mí, Kí N Sọ: Wọ́n Sọ Ìwé Yín Di Fíìmù, Ẹ Fẹ́ Jà

Ní oṣù tó kọjá mo kàn fi gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀ ojú ewé yìí pé ẹni tí wọ́n bá ti sọ ìwé tó fẹ́ràn di fíìmù tí inú sì bí i, kó wá rojọ́. Háà, ẹ rojọ́ o! Láti Sábó títí dé Ìgbógbó, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi lẹ́tà àti wọ́ọ̀sáàpù pa mí, àwọn kan tiẹ̀ bú èmi gan-an bí ẹni pé èmi ni mo ya fíìmù ọ̀hún. Mi ò lè tẹ gbogbo ẹ̀ jáde, èyí tó dùn jù àti èyí tó le jù ni mo mú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ èpè ránṣẹ́ sí dáírẹ́kítọ̀, mo ti yọ èpè yẹn kúrò, ẹ má bínú.

Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ò bára wa sọ̀rọ̀ láti Sátidé. A jọ ń wo The Lord of the Rings apá kìíní lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, pọ́fúpọ́ọ̀fù wà nílẹ̀, gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa, àfi bí mo ṣe ní Tom Bombadil dà? Odindi bàbá tó ń kọrin nínú igbó, tó gba àwọn ọmọ yẹn lọ́wọ́ igi tó fẹ́ gbé wọn mì, wọ́n yọ ọ́ dànù! Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sóhun tó burú ńbẹ̀. Mo ní ẹni tó bá ti gé ìwé ti ba ìwé jẹ́ nìyẹn. Ta ló jàre? (Ẹni tínú ń bí, Ágíríkì, Ìkòròdú)

Àbúrò mi, ẹ̀gbọ́n ẹ ló jàre lórí Bombadil, ṣùgbọ́n má tíì jẹ́ kó máa fò, torí ìwọ náà jàre níbòmíì tó ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí. Ìwé Tolkien yẹn, ìtàn Frodo, ọmọ kúkurú tó gbé òrùka burúkú kan lọ pa run, jáde láàárín 1954 sí 1955, ìdìpọ̀ mẹ́ta, tó o bá kó wọn jọ ó máa tó ẹgbẹ̀rún ojú ewé. Àwọn tó ń kọ ìwé eré fún fíìmù, ìṣirò tí wọ́n máa ń lò ni pé ojú ewé kan jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ni pé fíìmù wákàtí méjì ò ju ojú ewé 120 lọ. Peter Jackson, dáírẹ́kítọ̀ fíìmù náà, gba bíi wákàtí mẹ́ta fún apá kọ̀ọ̀kan nígbà tó ń gbé e jáde láti 2001 sí 2003, síbẹ̀ kò lè kó gbogbo ẹ̀ wọlé. Ó máa gé. Ohun tó yẹ ká bi í ni pé kí lo gé, kí lo fi síbẹ̀?

Bombadil dé, ó kọrin, ó gba àwọn ọmọ sílẹ̀, ó fún wọn lóúnjẹ, ó dágbére. Òrùka yẹn ò ṣe é ní nǹkan kan, òun náà ò ṣe òrùka ní nǹkan kan. Frodo tó wọ ilé ẹ̀ ni Frodo tó jáde níbẹ̀. Mo fẹ́ràn bàbá yẹn gan-an o, orin ẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá yọ ọ́ kò séèyàn kankan nínú ìtàn yẹn tí ìwà ẹ̀ yí padà. Èmi ò ka gígé sí ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí mi ò lè fara mọ́ ni kí wọ́n mú èèyàn tí mo mọ̀ látinú ìwé, kí wọ́n jẹ́ orúkọ ẹ̀, kí wọ́n wọ aṣọ ẹ̀, kí wọ́n wá gbé ìwà ẹlòmíì sí i lára.

Wo Faramir, ọ̀gágun kan. Nínú ìwé, nígbà tí Frodo bọ́ sí i lọ́wọ́ tòun ti òrùka, Faramir sọ pé kódà tóun bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá títì, òun ò ní mú un. Ó fún wọn lóúnjẹ, ó ní kí wọ́n máa lọ. Ẹ rántí pé òrùka yẹn ló ba orí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jẹ́ kó tó kú, torí náà bí àbúrò ṣe wá kọ̀ ọ́ yẹn, ibẹ̀ lọkàn èèyàn ti máa ń balẹ̀ díẹ̀ nínú gbogbo ìdààmú ìwé yẹn. Nínú fíìmù kejì, ti 2002, Faramir kan náà ló fẹ́ gbé òrùka lọ fún bàbá ẹ̀, ó wọ́ àwọn ọmọ yẹn dé Osgiliath kó tó yí ọkàn padà. Àwọn tó kọ fíìmù náà ti ṣàlàyé, wọ́n ní látìbẹ̀rẹ̀ làwọn ti ń dẹ́rù ba èèyàn pé òrùka yìí kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀, tẹ́nì kan bá wá dédé kọ̀ ọ́ láìjà láìta, agbára òrùka tán nìyẹn. Àlàyé yẹn mọ́gbọ́n dání. Mi ò kàn gbà ni.

Fíìmù kẹta ló wá pa mí pátápátá. Lórí àtẹ̀gùn Cirith Ungol, Gollum tó ń fọ̀nà hàn wọ́n da èérún búrẹ́dì sára aṣọ Sam, ọmọ ọ̀dọ̀ Frodo, níbi tó sùn sí, ó ju ìyókù dànù sísàlẹ̀, ó wá purọ́ pé Sam ló ń dá oúnjẹ jẹ. Frodo sì gbà á gbọ́! Ó ní kí Sam máa lọ sílé! Sam tí ò mọ̀wẹ̀ tó bọ́ sódò kí ọ̀gá ẹ̀ má bàa dá lọ! Kò síbi tí ìyẹn wà nínú ìwé, ẹ wá a tití. Ìgbà tí mo wò ó mo bọ́ síta lọ dúró sí báńkónì fúngbà díẹ̀, ọkọ mi rò pé wọ́n ti kú sílé wa ni. Fíìmù yẹn náà ló gba Oscar 11, gbogbo èyí tí wọ́n yàn án fún pátá ló gbà, torí náà mi ò ní sọ fún yín pé kò dáa, ó dáa, ó dáa gan-an. Frodo tó wà lórí àtẹ̀gùn yẹn nìkan ni mi ò mọ̀ rí.

Bá ẹ̀gbọ́n ẹ sọ̀rọ̀, ó ti tó. Tó bá tún ń ṣakọ, bi í pé kí ló rò nípa bí wọ́n ṣe ń padà sílé. Nínú ìwé, wọ́n dé Shire, ìlú wọn, bá a tí wọ́n ti bà á jẹ́, wọ́n ti gé igi, àwọn jàǹdùkú ti gba ìlú, àwọn ọmọ tó lọ sógun yẹn ló wá fọwọ́ ara wọn lé wọn jáde. Fíìmù ní wọ́n dé, gbogbo nǹkan rí bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n mu bíà. Wo bó ṣe máa wá àlàyé.

Àǹtí, ìbéèrè kékeré. The Hobbit ò nípọn rárá, mo kà á tán nínú ọkọ̀ láàárín Máìlì 12 sí Ìkòròdú lọ́jọ́ kan tí gosiló le. Báwo ló ṣe wá di fíìmù mẹ́ta? (Láti Ìtàmága)

Owó ni. Ìwé 1937 kan ṣoṣo, fíìmù 2012, 2013, 2014, omi pọ̀ ju ọkà lọ. Ibi tí ìwé ò ti tó, wọ́n dá èèyàn tuntun sílẹ̀, Tauriel, tí ò sí nínú ìwé, wọ́n ní kó máa fẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aràrá. Mi ò tiẹ̀ bínú sí Tauriel, ọmọ yẹn ń jà dáadáa. Bilbo tí ìwé jẹ́ tiẹ̀ ni mò ń wá kiri láàárín ogun àti ariwo tí mi ò rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì lè ka ìwé nínú gosiló Máìlì 12 láìfi orí gbá férémù wíńdò, mo kí yín o.

Ẹ kú iṣẹ́ o, àbúrò mi. Ọmọ mi obìnrin, ọdún mẹ́wàá, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní kíláàsì ti wo Harry Potter, òun náà ti ń yọ mí lẹ́nu. Bàbá ẹ̀ ní kó kọ́kọ́ ka ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún mi pé ìwé àjẹ́ ni, kí n má jẹ̀ẹ́ kó wọ ilé mi. Èwo ni kí n ṣe? (Ìyá Ọlọ́mọge, Ìgbógbó)

Ẹ̀gbọ́n mi, ti ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ẹ̀yin àti bàbá ẹ̀ lẹ máa jọ sọ ọ́, mi ò ní bọ́ sáàárín tọkọtaya. Mo kàn fẹ́ sọ pé àlọ́ tí ìyá mi pa fún mi ní àwọn àǹjọ̀nú tó burú ju gbogbo èyí tó wà nínú ìwé yẹn lọ, mo sì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ti ìwé ńkọ́, mo wà lẹ́yìn bàbá ẹ̀. Orí 17 ló wà nínú ìwé àkọ́kọ́, tó jáde ní 1997. Ẹ jẹ́ kó máa ka orí kan lálẹ́ lẹ́yìn tó bá ti fọ abọ́, kò ní tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó parí ẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ jọ wá jókòó wo fíìmù 2001. Ìdí tí mo fi ní kó kọ́kọ́ kà á ni pé tí ọmọ bá ti wo fíìmù, ojú òṣèré yẹn ló máa rí títí ayé, kò tún lè ya Harry tara ẹ̀ mọ́. Tó bá kà á kọ́kọ́, ẹ máa rí i tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í bá tẹlifísọ̀n jà: "Màmá, kì í ṣe báyìí! Màmá, Peeves dà?" Peeves ni iwin aláriwo tó ń da ilé ìwé wọn rú, kò sí nínú ọ̀kankan nínú fíìmù mẹ́jọ̀ọ̀jọ. Wọ́n tiẹ̀ ya ti òṣèré tó ṣe é, Rik Mayall, fún àkọ́kọ́, wọ́n wá gé e kúrò. Ẹ jẹ́ kó bá a jà, ìjà yẹn dáa fún ọpọlọ ọmọ.

Èyí tó máa bí i nínú jù, tó bá dé ìwé kẹrin, ni Dumbledore, ọ̀gá ilé ìwé wọn. Orúkọ Harry jáde láìtọ́ nínú ife iná tó ń yan àwọn tó máa díje, ìwé ní bàbá àgbà yìí bi í ní pẹ̀lẹ́ pé ṣé ìwọ lo fi orúkọ ẹ síbẹ̀. Ní pẹ̀lẹ́! Nínú fíìmù 2005, bàbá yìí sáré wọlé, ó gbá ọmọ mú, ó tì í sẹ́yìn, ó ń jágbe mọ́ ọn. Àwọn tó fẹ́ràn ìwé yẹn ò tíì dárí jì wọ́n títí dòní, wọ́n ṣì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ kan péré ló yí o, ibi kan náà, ìbéèrè kan náà, kò sí nǹkan tí wọ́n gé. Ṣùgbọ́n bàbá tí kì í bínú ló wá di bàbá oníbìínú, ọmọ tó ti kà á mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé láti ìwé kẹrin yẹn lọ ọ̀rọ̀ ti ń wúwo o, ọmọdékùnrin kan kú níbẹ̀, wọ́n pa á ni. Ọdún mẹ́wàá ti kéré sí i lójú tèmi, ẹ jẹ́ kó dúró lórí mẹ́ta àkọ́kọ́ ná.

Ọmọ mi, mo ti ń ka ojú ewé rẹ láti ìgbà pípẹ́. Kí ló dé tó jẹ́ ìwé òyìnbó ni ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń jà lé lórí ṣáá? Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ńkọ́? Sítáńdáàdì fáìfù ni mo ti kà á, tíṣà wa á kà á sókè, gbogbo kíláàsì á pa lọ́lọ́, ẹni tó bá fẹ́ tọ̀ ò ní jáde. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ní lọ́jọ́ kan wọn á sọ ọ́ di fíìmù ńlá, pé kọ̀ǹpútà á ya Agbákò. Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n rí i. Agbákò tèmi wà nínú orí mi níbi, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bà á jẹ́ fún mi. Ṣé mo ṣì wí ni? (Bàbá Àgbà, Ìta Ẹlẹ́wà)

Bàbá mi, ẹ kú àgbà, mo dọ̀bálẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni mí. Ẹ ò ṣì wí. Lẹ́tà yín ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ẹ̀, mo kà á sí etí àwọn ará ọ́fíìsì, gbogbo wa rẹ́rìn-ín níbi tẹ́ ẹ ti sọ ti ìtọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀. Ìwé yín yìí ti gbé aṣọ míì wọ̀ rí, tí kò sì kú. Fágúnwà gbé e jáde ní 1938. Ní 1968 Ṣóyínká túmọ̀ ẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, Bruce Onobrakpeya ya àwòrán sínú ẹ̀, àwòrán tó le, tó dẹ́rù bani. Wálé Ògúnyẹmí mú un, ó sọ ọ́ di eré orí ìtàgé, Láńgbòdó, wọ́n ṣe é níbi àjọ̀dún àṣà FESTAC ní Èkó ní 1977, bóyá ẹ̀yin gan-an wà níbẹ̀ pàápàá. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, Kọ́lá Ògúnmọ́lá ti mú ìwé Tutùọlá, The Palm-Wine Drinkard, tó jáde ní 1952, ìtàn ọ̀mu kan tí ẹlẹ́mu ẹ̀ kú tó wá a lọ sí ìlú àwọn òkú, ó fi ṣe Lánkẹ́ Ọ̀mù ní èdè Yorùbá, àwọn èèyàn rọ́ lọ wò ó. Torí náà àwọn bàbá yín ti jà ìjà tá à ń jà yìí tipẹ́, a kàn ń fi fóònù jà á báyìí ni.

Ti Agbákò ò bà mí lẹ́rù, Bàbá. Ojú mẹ́rìndínlógún tó yí ìdí orí ẹ̀ ká, ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa á yà á, tí kò bá dà bí tiyín ẹ máa pòṣé, ẹ máa di ojú yín, tiyín á ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí mò ń bẹ̀rù fún ni Kàkó.

Ẹ rántí Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn. Ọjọ́ ìgbéyàwó ẹ̀ gan-an ni Àkàrà-ògùn, ọdẹ tí ìtàn náà dá lé, wá pè é sí ìrìn-àjò Òkè Láńgbòdó. Ìyàwó dì mọ́ ọn, kò fẹ́ kó lọ, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀ ẹ́. Kàkó sì pa á. Ó pa ìyàwó ẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ọmọ ilé ìwé ni mí, mo pa ìwé dé, mi ò lè kà á mọ́ títí di ọjọ́ kejì. Àkọni ni, ó máa gba àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ sílẹ̀, ó máa ja ìjà tí ẹlòmíì ò lè jà, a ó sì fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n a ti rí ohun tó ṣe. Fágúnwà ò fi pamọ́.

Ẹ gbà mí gbọ́, Bàbá, ibẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ fíìmù máa kọ́kọ́ fọwọ́ bà. Ẹnì kan tó ní owó lápò á jókòó sí ìpàdé, á ní, ah ah, akíkanjú wa ò lè pa obìnrin, àwọn èèyàn ò ní ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé ẹbọra ló pa ìyàwó ẹ̀, kó wá máa wá ẹ̀san kiri. Á dùn ún wò o! Àwa náà á sunkún! Kàkó á wá di ọkùnrin rere tí wọ́n ṣẹ̀, irú èyí tá a ti rí nínú fíìmù tí kò lóǹkà. Ìyẹn ló yẹ kí ẹ gbàdúrà kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí.

Níbòmíì, tèmi ni kí wọ́n gé o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi. Ilé Ìrágbèje, ọjọ́ méje tó fi ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́, Bàbá, mo máa dín in kù sí bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà, mo mọ̀ pé àwọn tíṣà fẹ́ràn ibẹ̀ torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ìbéèrè ìdánwò, ṣùgbọ́n ẹni tó sanwó láti wo ọdẹ ò lè jókòó síbi ìwàásù odindi ọ̀sẹ̀. Àwọn ìrìn-àjò méjì tó ṣáájú, tí Àkàrà-ògùn dá lọ, wọ́n lè yọ ìdajì àwọn iwin ibẹ̀, mi ò ní pariwo. Èyí tí wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn ni bàbá arúgbó tó wá bá òǹkọ̀wé, tó ní kó mú gègé, kó máa kọ ohun tóun fẹ́ sọ sílẹ̀, tí èrò wá ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ nídìí ìtàn yẹn. Ẹ fojú inú wò ó nínú fíìmù: ọjọ́ kìíní èèyàn méjì péré, lọ́jọ́ kejì ojúde ti ń kún. Tí wọ́n bá yọ èyí, ó ku ọdẹ àti iwin nìkan, irú ẹ̀ sì pọ̀ nígboro.

Ẹ mọ ibi tí fíìmù á ti lu ìwé? Ọlọ́hun-iyọ̀. Ìwé kàn lè sọ fún wa pé ohùn ẹ̀ dùn ni, a ò gbọ́ ọ. Tí wọ́n bá rí akọrin gidi, kó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárín igbó yẹn kí àwọn ẹranko dúró, ẹ̀yin náà ẹ ó dìde lórí àga. Ẹ má wulẹ̀ bẹ Ọlọ́run pé kẹ́ ẹ má rí i o, Bàbá. Ẹ bẹ̀ Ẹ́ pé kí Kàkó má di èèyàn dáadáa.

Àǹtí, ìwé Children of Blood and Bone ni ayé mi. Wọ́n ní wọ́n ti ń fi ṣe fíìmù, ọmọ South Africa ni wọ́n fún ní ipa Zélie, akọni inú ìwé náà! Ìtàn Yorùbá! Ṣé kò sí ọmọbìnrin ní gbogbo Èkó ni? Mi ò ní wò ó, mo ti búra. (Ọmọ Ẹbúté, Ìkòròdú)

Ọmọ Ẹbúté, ìbúra yẹn yá jù, fíìmù tí wọ́n kéde fún 2027 lo ti ń búra lé lórí látorí fọ́tò àti orúkọ.

Ìbínú yín ò ṣàìnídìí o. Tomi Adeyemi tó kọ ọ́ ní 2018, Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ọmọ Nàìjíríà làwọn òbí ẹ̀, ó mú òrìṣà wa, ó mú ìlú wa, ó fi dá ayé tiẹ̀ sílẹ̀. Inú wa dùn, a rà á. A ò sì bá a jà nígbà tó ní Ìlọrin jẹ́ abúlé apẹja lórí omi! Ìlọrin! Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ ọmọ Ìlọrin, ìgbà tí mo kà á fún un ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ó ní àwọn á wá kọ́ ìwẹ̀ ní Ẹbúté lọ́dọ̀ yín. A gbà, torí ayé inú ìwé ni. Tá a bá lè gba Ìlọrin lórí omi, a lè mú sùúrù fún Thuso Mbedu, ọmọ South Africa yẹn. Dáírẹ́kítọ̀ fíìmù yìí, Gina Prince-Bythewood, ti lò ó rí nínú The Woman King, ti 2022, tó dá lórí àwọn obìnrin jagunjagun Dàhómì, ọmọ yẹn ṣe oríkunkun, ó sunkún, ó jà, mo gbà á gbọ́. Zélie sì ni oríkunkun àti ọ̀fọ̀. Wọ́n pa ìyá ẹ̀ lójú ẹ̀ ní kékeré, kò sì tíì gbàgbé. Ẹni tó bá lè gbé ìyẹn wọ̀ ló ni ipa yẹn lójú tèmi.

Ibi tí mo máa ti máa ṣọ́ wọn ni ọfọ̀. Ìwé yẹn ní ọfọ̀ tí wọ́n kọ ní èdè Yorùbá, ìgbà tí Zélie bá fẹ́ pe àwọn òkú ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀dá inú ìtàn yẹn, ọmọ ìyá ẹ̀ ni. Tó bá wá ń pè é bí àlejò tó ń ka orúkọ bọ́sítọ́ọ̀bù, gbogbo sinimá Èkó á bú sẹ́rìn-ín níbi tó yẹ ká ti máa gbọ̀n, Zélie á sì di ẹlòmíì lójú wa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n bí òṣèré sí nìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹni tó jókòó kọ́ ọ ní ohùn ni. Mo mọ ọmọ Sábó tí wọ́n bí síbí tí ò lè pe ọfọ̀ kankan tí ewúrẹ́ á fi yíjú.

Ẹ̀gbọ́n, àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin, a fẹ́ fi fóònù ya Igbó Olódùmarè díẹ̀díẹ̀ sórí YouTube. A ò ní owó. Ṣé ó ṣeé ṣe? Ṣé wọn ò ní mú wa? (Láti Sábó)

Ó ṣeé ṣe, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú àwọn Ikorodu Bois tún ń bi mí léèrè. Àwọn ọmọ yẹn fi bárò, abọ́ ìdáná àti àwọn ohun tó wà nínú ilé ṣe àwòkọ ìpolówó fíìmù Extraction ní 2020, àwọn tó ṣe fíìmù gidi rí i, wọ́n pè wọ́n síbi ìfihàn apá kejì, Netflix fi àwọn irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ lọ wò wọ́n dáadáa: ẹ̀rín tó wà níbẹ̀ ò sí lórí pé ohun tí wọ́n lò jọ ti òyìnbó, torí kò jọ ọ́. Bí ọmọ yẹn ṣe ń wo kámẹ́rà, bó ṣe ń yí ọrùn, bó ṣe ń rìn, èèyàn yẹn gan-an ni. Bárò lè di mọ́tò tí ìwà bá pé.

Ti òfin ńkọ́, ẹ má fojú di í. Igbó Olódùmarè jáde ní 1949, òótọ́ ni pé ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ ikú òǹkọ̀wé ni òfin ń wò. Òfin tí Nàìjíríà ń lò báyìí lórí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, ti 2022, ní ẹ̀tọ́ yẹn á wà títí ọdún 70 lẹ́yìn ìparí ọdún tó kú. Oṣù Kejìlá 1963 ni Fágúnwà kú. Ẹ ṣírò ẹ̀: ó di ìparí 2033. Torí náà ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn tó tẹ ìwé náà jáde, orúkọ àti àdírẹ́sì wọn wà lójú ewé ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fi yín mọ ẹbí ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ dáadáa, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe àti ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí, ẹ má kàn kọ "ẹ jọ̀ọ́ sà". Kí èsì tó dé, ẹ fi ìtàn tẹ́ ẹ fúnra yín kọ máa dánra wò, torí iná á lọ, fóònù á kún, ọ̀kan nínú ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á ní òun ò wá mọ́. Ó dáa kí gbogbo ìyẹn ṣẹlẹ̀ lórí ìtàn tara yín.

Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Mo wo fíìmù, mi ò ka ìwé. Tí wọ́n bá ń jiyàn ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù wa lẹ́yìn géèmù, ṣé mo lè dá sí i? (Ọ̀mùtí Tí Kò Kàwé, Ìkòròdú)

O lè dá sí i lórí fíìmù, má dá sí i lórí ìwé. Bí o bá gbọ́ tí ẹnì kan ní "nínú ìwé," dákẹ́, máa mu mọ́látì ẹ. Tó bá wù ẹ́ láti kà á, yá a lọ́wọ́ ẹni tó ń pariwo jù níbẹ̀, àwọn yẹn ló máa ń ní ẹ̀dà méjì, ọ̀kan tí wọ́n ń kà, ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Bi í dáadáa èwo ló fún ẹ kó o tó ki í bọ báàgì.